Ẹsẹ̀ Ta Ló Pa Kílọ́ọ̀ṣì?

Ọkọ mi kì í kí ènìyàn ní ìkí ojú lásán. Bí ó bá kí ọ láàárọ̀, kí o ti jẹun kí o tó dá a lóhùn, nítorí yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọ̀nà, yóò béèrè ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn, yóò sì béèrè ewúrẹ́ tí o sọ fún un lọ́dún tó kọjá pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Mo ti fẹ́ ẹ kí n tó mọ̀ pé àìsàn ni. Ní ìlú tiwa, ọmọlúàbí ni wọ́n ń pè é. Ní Pọ́tákọ́ọ̀tù ó wá burú sí i, nítorí àwa ọmọ Yorùbá kò pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí a rí lánàá ni a tún ń kí lónìí bí ẹni tó ti ìrìn àjò ọdún méje dé.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan la ní, aláwọ̀ ewé. Òyìnbó kan tó ń kó lọ sílé lẹ́yìn òmìnira ló tà á fún ọkọ mi, tòun ti ojú eyín ajá lára ìjókòó ẹ̀yìn. Ọkọ mi ń ya àwòrán páìpù ní ilé iṣẹ́ epo. Èmi jẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Dìóbù, àdúgbò tí à ń gbé, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ sọ́dọ̀ àwọn aboyún. Bí òjò Pọ́tákọ́ọ̀tù bá rí agbẹ̀bí lórí kẹ̀kẹ́, inú rẹ̀ a dùn. Á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà aboyún, á dúró dè é, á tún sìn ín padà wálé. Ọ̀nà Rumuokwuta ló ń jẹ mí níyà jù. Nígbà kan mo wọ ilé kan níbẹ̀ tí omi ń kán lára mi tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà ilé náà fi aboyún sílẹ̀ lórí ẹní, tó kọ́kọ́ wá ń nù mí.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ó rẹ́rìn-ín, ó wò mí, ó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ó so pátákó akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, a ó sì kọjú sí GRA, àdúgbò àwọn òyìnbó, níbi tí ọ̀nà ti fẹ̀, tí igi ṣíji bò ó, tí kò sí ohun tí ènìyàn lè pa níbẹ̀ àfi ajá òyìnbó. Mo mọ̀ ọ́n wà. Wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ ìdánwò láísẹ́ńsì, Fúráìdè kan báyìí. Mo ti ń dúró de ọjọ́ yẹn láti ìgbà ọyẹ́. Bí ó bá fi lè fò mí, mo tún di ẹrú òjò títí di ọdún mìíràn.

Sátidé tó ṣáájú ìdánwò náà gan-an ni kílọ́ọ̀ṣì kú.

Ẹni tí kò bá mọ kílọ́ọ̀ṣì, pẹ́dà tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ kí ènìyàn tó yí gíà ni. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnì á tú ọwọ́ lára táyà. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, wọ́n á tún di ara wọn mú. Ó pẹ́ tí tiwa ti ń ké nígbàkúùgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, igbe bíi ti eku tó há sábẹ́ àpótí. Lọ́jọ́ yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè yà níwájú ilé ìgbafẹ́ àwọn òyìnbó. Igbe eku dópin, irin bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin, gíà ní òun kò jáde, òun kò sì wọlé, ẹ́ńjìnì sì kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀ láàárín títì.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ sítíárì. Ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Ẹsẹ̀ rẹ ni, Nọ́ọ̀sì," ló wí níkẹyìn. Bí ó ṣe máa ń pè mí nìyẹn. "Bí ẹni tẹ ejò mọ́lẹ̀ lo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló pa á."

"Ẹsẹ̀ tó ń wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀?"

"Májèlé kì í pọ̀ kó tó pa ènìyàn."

Ọkọ̀ agbégẹdú kan ló fi okùn fà wá délé. Àwọn òyìnbó tó wà ní fàráńdà ilé ìgbafẹ́ dìde dúró tàwọn ti ife lọ́wọ́ láti wò wá. Ìtìjú mú mi, mo tẹ orí ba. Ọkọ mi ní tirẹ̀ na ọwọ́ síta, ó sì ń kí wọn.

Nígbà tí a délé, ó dá ẹjọ́ náà. Ó ní òun yóò tún ọkọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n èmi kò ní fọwọ́ kan sítíárì mọ́ títí òun yóò fi rí i pé ẹsẹ̀ mi ti rọlẹ̀. Ìdánwò lè dúró. Èmi sì mọ "títí" ọkọ mi. Ògiri ilé ìdáná wa tó sán ṣì ń dúró de ọ̀kan nínú wọn. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun. Mo ní kí ọkọ̀ yìí dìde kí ó tó di Fúráìdè, kí a sì mọ ẹsẹ̀ ẹni tó pa á, nítorí kì í ṣe tèmi.

Mẹkáníìkì kún Dìóbù bámúbámú, ṣùgbọ́n ọkọ mi kò fẹ́ gbọ́. Ó ní ohun tí ènìyàn bá lè yà lórí ìwé, ó lè tú u, ohun tí ó bá sì lè tú, ó lè tò ó. Ọ̀rọ̀ yìí náà ló sọ kí ó tó tú rédíò wa. A ṣì ń bá àwọn ará ilé kejì gbọ́ ìròyìn.

Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó bọ́ aṣọ, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè nínú àgbàlá, ó ti ìtì igi bọ abẹ́ rẹ̀. Ìyá onílé wa, obìnrin Ikwerre, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan kan, gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé agbada ìṣáwùrú ka iwájú, ó ń gé ìdí wọn fún ọbẹ̀ alẹ́, kò sì gbé ojú kúrò lára wa.

"Nne," ó pè mí, "una wan bury dis motor abi una wan born am?"

"Mama, na operation," ni mo dá a lóhùn.

Òrùka kan péré ló kú o. Òrùka dúdú tí wọ́n fi èédú líle ṣe, tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti àpótí gíà. Bí o bá tẹ pẹ́dà, òun ló ń lọ fi ara ti àwo irin kan tí ń yí, kí àwo náà lè tú ọwọ́. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí! Kí o tó rí i, wàá yọ ìjókòó, wàá ká irin ilẹ̀ ọkọ̀ kúrò, wàá yọ ọ̀pá tí ń yí táyà ẹ̀yìn, wàá tú gbogbo bóòtù tó so àpótí gíà mọ́ ẹ́ńjìnì, wàá wá gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀ sórí àyà ara rẹ. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yẹn ní ìjà pẹ̀lú ẹnì kan.

Ìjókòó ọkọ̀ wọ pálọ̀ mi. Bóòtù wọ abọ́ ọbẹ̀ mi. Nọ́ọ̀tì kéékèèké wọ ife tíì mi, títí di òní n kì í bu tíì láìkọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ife. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ká ọwọ́ sí àyà, mo ń wo ọkọ mi bí ó ṣe ń rá wọ abẹ́ ọkọ̀, tó ń rá jáde, tó ń fi èdè òyìnbó bá sípánà sọ̀rọ̀.

Bóòtù tó wà lókè pátápátá ló dá a dúró. Ọwọ́ kò lè dé e láti ìsàlẹ̀. Láti inú ọkọ̀, ihò kan wà tí ọwọ́ lè gbà, ṣùgbọ́n ojú kò rí inú rẹ̀, ọwọ́ ọkọ mi sì tóbi jù ú lọ. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, ó bó. Ó ti ti òsì bọ̀ ọ́, òun náà bó. Ó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ nínú àgbàlá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, wá ná."

"Ẹ rántí pé ẹsẹ̀ tó ń pa ọkọ̀ wà lára mi o."

"Ọwọ́ ni mo pè."

Mo lọ. Ọwọ́ mi kéré, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa fi ìka mọ ohun tí ojú kò rí. Mo di ojú, mo na ọwọ́ sínú ihò náà, mo ń wá a lọ díẹ̀díẹ̀. Gíríìsì tutù, irin gbóná díẹ̀, nǹkan kan rọ̀, nǹkan kan le.

"Mo ti kàn án," ni mo wí.

Ìyá onílé gbé ọ̀bẹ ìṣáwùrú sílẹ̀. "E don dey come?"

"Na head I touch, Mama."

"Thank God say no be leg!"

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Èmi ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí sípánà fẹ́ bọ́. Mo fi í kọ́ orí bóòtù náà, mo ń yí i ní ìwọ̀nba tí àyè gbà, mo ń yọ sípánà, mo ń tún un kọ́, títí ó fi jáde sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fi í fún ọkọ mi, mo ní, "Ẹ kú ewu ọmọ."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ láti gbé àpótí gíà sọ̀kalẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó mì í, ó fà á, àpótí náà sì gbà láti bọ́ sórí àyà rẹ̀. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni Bàbá Àgbà wọlé.

Bàbá Àgbà ni a ń pe àgbà jùlọ nínú àwa Yorùbá Dìóbù. Kápẹ́ńtà rélùwéè ni, ó ti wà ní ìlú yẹn kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, ó ní, "Ẹ kúrọ̀lẹ́ o, ará ilé yìí."

Mo kúnlẹ̀. Láti abẹ́ ọkọ̀ ni ohùn kan ti jáde: "Ẹ kúrọ̀lẹ́ sà! Mo dọ̀bálẹ̀ sà!"

Bàbá Àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹsẹ̀ méjì ló rí, tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀, tí àtàǹpàkò méjèèjì ń tẹrí ba fún un.

"Ta ló ń fi ẹsẹ̀ kí mi?"

"Èmi ni sà. Àpótí gíà ló wà láyà mi sà."

"Ìdọ̀bálẹ̀ tí ikùn kọjú sọ́run! Mo ṣe báyìí dàgbà kí n tó rí i."

Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́ níbẹ̀, kó wá bí yóò ṣe mí. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń bá a lọ. Ìyá ńkọ́ sà? Orúnkún wọn ńkọ́? Ọmọ wa tó wà ní Èkó, ṣé ó ti kọ̀wé? Pátákó tí àwọn rélùwéè ń retí, ṣé ó ti dé? Bí ìbéèrè ṣe ń pọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń tín-ín-rín, nítorí irin náà kò kéré. Àìsàn kan náà sì ló ń ṣe Bàbá Àgbà. Ó jókòó sórí àga tí mo gbé fún un, ó ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúnkún ọ̀tún lọ́tọ̀, orúnkún òsì lọ́tọ̀. Ìyá onílé kò lóye ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ohùn náà ṣe ń lọ. Ó fò dìde, ó fa àpò ìrẹsì kan yọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, èmi àtòun sì wọ́ àpótí gíà kúrò láyà ọkọ mi sórí rẹ̀.

"Dis una greeting go kill person one day," ló wí, ó padà sídìí ìṣáwùrú rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Àgbà lọ tán, a wo òrùka náà. Kò ku nǹkan kan lára rẹ̀. Èédú ti jẹ tán pátápátá, irin tó gbà á dúró ló kù tó ń ha àwo. Ọkọ mi gbé e lé ọwọ́, ó wò mí bí adájọ́ tó ti rí ọ̀bẹ ẹlẹ́jọ́. Èmi ní tèmi tẹ orí ba, mo wo ibi tí wọ́n ti yọ ọ́, mo sì fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà. Mo rí i bí apá irin náà ṣe ń sún síwájú. Mo tú ọwọ́, ó sún sẹ́yìn.

Mo ti lọ ata láti kékeré. Ọmọ ọlọ tó bá dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kì í tán. Èyí tí a bá tẹ̀ mọ́ ọlọ tí a ń fi í lọ nǹkan ló ń jẹ. Bí òrùka yìí náà ṣe rí nìyẹn. Kì í jẹ nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kì í sì jẹ púpọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní wéré tí a yí gíà. Bí ẹsẹ̀ bá jókòó lé pẹ́dà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, nígbà náà ni àwo ń lọ̀ ọ́ bí ata.

Ẹsẹ̀ ta ló ń jókòó lé pẹ́dà nílé wa?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lójú inú. Ọkọ mi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó rí Bàbá Àgbà lẹ́bàá ọ̀nà Ikwerre. Kò ní wọ́ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó pa á, nítorí ó ní òun ń kánjú, òun kàn fẹ́ fi ojú kan bàbá ni. Á fi ọkọ̀ sí gíà bí ẹni tó fẹ́ lọ, á tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, á tẹrí ba lórí sítíárì nítorí àgbà kò ṣe é kí ní ìjókòó, á sì bẹ̀rẹ̀. Ilé ńkọ́, ọ̀nà ńkọ́, orúnkún ńkọ́. Ìkí náà á gùn tó ìwàásù, pẹ́dà á sì máa ké lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń rí pẹ̀lú ìyá alákàrà, pẹ̀lú ọ̀gá akọrin, pẹ̀lú gbogbo ẹni tó bá ti ní ilà lójú.

"Olówó orí mi," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí ẹ bá ń kí ènìyàn lójú ọ̀nà, níbo ni ẹsẹ̀ òsì yín máa ń wà?"

Mo ṣàlàyé fún un, tòun ti ọlọ, tòun ti ata. Ó gbọ́ ọ tán. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo kórìíra jù, èyí tó ń ti imú jáde.

"Ìkíni kì í pa ọkọ̀, Nọ́ọ̀sì. Ìkíni kì í pa nǹkan kan láyé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo lọ ata tí a kò nílò.

Ó ra òrùka tuntun bọ̀ láti Town, àárín ìlú, lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó nípọn, ó dán, ó dúdú mìnìjọ̀. À bá ti tò ó lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kò tó fún un kó rí òrùka. Ó ní òun fẹ́ rí ohun tó wà lẹ́yìn àwo. Ó tú àwo náà, ó wò ó, ó mi orí, ó dá a padà. Kò mọ̀ pé ihò àárín àwo náà gbọ́dọ̀ wà ní ojú kan ṣánṣán, kí ọ̀pá iwájú àpótí gíà lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ó gbé àpótí náà sókè, kò wọlé. Ó tì í, kò wọlé. Ó bú u, ó tún kọ̀. Mọ́ńdè lọ bẹ́ẹ̀, Túsìdeè náà sì lọ bẹ́ẹ̀. Mo ń ka ọjọ́ lórí ìka.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ló wọ ilé ìdáná, ó dúró, ojú rẹ̀ ń lọ káàkiri ara ògiri. Ó ní òun nílò igi kan tó yípo, tó le, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí òun lè gbẹ́ kó bá ihò náà mu, kí òun fi í fa àwo sí àárín kí òun tó dì í. Ojú rẹ̀ sì dúró sórí ọmọrogùn mi. Ìyá mi ló fún mi ní ọmọrogùn yẹn nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ.

"Rárá," mo ní.

"Ọrùn rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́."

"Bí mo bá fún yín, mo ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Fúráìdè."

"Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀."

"Ọmọrogùn náà ṣì wà lókè."

A wo ara wa. Ìkòkò ń hó láàárín wa. "A ó wò ó," ló wí níkẹyìn. "A ó wò ó" ọkọ mi sàn díẹ̀ ju "títí" rẹ̀ lọ. Mo já ọmọrogùn lára ògiri, mo fi í fún un, mo sì yí ojú padà kí n má baà rí bí ó ṣe ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọrùn ẹ̀bùn ìyá mi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a fi ìdí ṣíbí ro àmàlà, kókó ló jẹ́, a sì jẹ kókó náà. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, àpótí gíà ti wọlé, ó wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Èmi náà ni mo tún na ọwọ́ sínú ihò, tí mo di bóòtù òkè.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, bí ó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, a sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ìtì igi. Ẹ́ńjìnì dáhùn. Ọkọ mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kò ké mọ́. Ìyá onílé pàtẹ́wọ́, ó kó adìẹ rẹ̀ wọlé, a sì bọ́ sójú ọ̀nà Ikwerre. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ìka lu sítíárì. Kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀la, n kò sì béèrè, nítorí bí mo bá béèrè tí ó ní rárá, rárá náà á dúró.

A kò tíì rìn jìnnà tí a rí Bàbá Àgbà lẹ́bàá ọ̀nà, ayùn rẹ̀ lábẹ́ apá.

Ọkọ mi rọra dúró. Ó fi gíà sí i bí ẹni tó fẹ́ lọ. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Ó tẹrí ba lórí sítíárì. "Ẹ kú iṣẹ́ sà!"

Dípò kí n sọ̀rọ̀, mo kí Bàbá Àgbà láti ibi tí mo wà, mo sì gbé ojú mi lé ẹsẹ̀ òsì ọkọ mi.

Ilé ńkọ́ sà? Ilé wà, àmọ́ ó ń jò. Apá ibo ló ń jò sà? Bàbá Àgbà gbé ayùn sílẹ̀ kí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì júwe apá ibi tó ń jò. Ìyá ńkọ́ sà? A dé orí orúnkún ọ̀tún. Nígbà tí a ó fi dé òsì, orúnkún tọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ rọra gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ṣòkòtò rẹ̀ ń mì. Ó ń bá a lọ pé, "Ọmọ wa tó wà ní Èkó..." ó sì wo ìsàlẹ̀, ó rí orúnkún ara rẹ̀ tí ń jó, ó rí bàtà rẹ̀ lórí pẹ́dà.

Ó gbé ojú sókè wò mí. Èmi ń wo igi ọ̀pẹ kan ní òdìkejì ọ̀nà.

"Ọmọ wa tó wà ní Èkó ṣe kí ni?" Bàbá Àgbà ń dúró.

Ọkọ mi pa ẹ́ńjìnì. Gbogbo ibẹ̀ parọ́rọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó yí iwájú ọkọ̀ ká, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko fún Bàbá Àgbà, ìdọ̀bálẹ̀ gidi, èyí tí ikùn ń kan ilẹ̀. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn nù, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Sún sí ibẹ̀ yẹn, Nọ́ọ̀sì. Ìwọ wà á. Kí n lè ráyè kí ènìyàn."

"Obìnrin ni yóò wa ọkọ̀?" Bàbá Àgbà bi í.

"Òun ni sà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dára ju tèmi lọ."

Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Ó sì tún dùn mí díẹ̀, nítorí láti ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi nà án sílẹ̀, ó sì ti gbà á lẹ́nu mi. Mo yege lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá tó dán mi wò béèrè ẹni tó kọ́ mi tí mo fi ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì kíákíá bẹ́ẹ̀. Mo ní ọkọ mi ni.

Láti ìgbà náà, òjò àti èmi pínyà. Èmi ni mo ń wà á lọ sọ́dọ̀ àwọn aboyún, èmi ni mo ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi á yọ orí síta lójú fèrèsé, á máa kí ayé. Bí mo bá ti rí ẹni tí ìkí rẹ̀ máa gùn, mo wọ́ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pa ẹ́ńjìnì, mo fa aṣọ híhun mi yọ. Mo hun sùẹ́tà odidi fún ọmọ wa àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà Ikwerre. "Oga don turn conductor," ni ìyá onílé máa ń wí. Òrùka yẹn kò jẹ mọ́.

Nígbà tó yá, ìlú kò rọgbọ mọ́, ọ̀rọ̀ ogun gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Àwa tí a wá láti ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àgbà ti bá ọkọ̀ ojú irin lọ. Ó wá kan àwa náà. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn láàárín ẹrù, èmi wà nídìí sítíárì, ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ti ní kí gbogbo ẹni tó bá ń lọ tètè kúrò kí oòrùn tó là. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, mo ti fi gíà sí i, mo ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀.

Ìyá onílé jáde wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gbogbo ọdún tí a fi gbé nílé rẹ̀ ló fi ń fi ìkíni wa ṣe yẹ̀yẹ́.

"Oga," ó ní, "you no go greet me today?"

Ọkọ mi la ẹnu. Ọkọ mi tó lè béèrè ewúrẹ́ ọdún tó kọjá, ó la ẹnu, kò rí ìkí kan mú jáde. Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, kò sì fẹ́ jù ú sílẹ̀.

Mo pa ẹ́ńjìnì. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ kí wọn dáadáa," mo ní. "A ò kánjú."